Ọ̀tún Ni àbí Òsì?

Káfáyátù ní kí n na ẹsẹ̀ sórí àpótí,
kí n dijú.
"Eré ọmọdé wo tún nìyí?"
Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà dijú."

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi wa máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀
ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí rélùwéè, ní Òṣogbo wa níbí.
Ojú mi ń bẹ lára aṣọ,
ẹsẹ̀ mi ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe nísàlẹ̀:
ó mọ ìgbà tí à ń sáré, ó mọ ibi tí kọ́là ti ń yí.
N kì í wò ó.
Ta ní í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀?
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni mò ń bu omi sí i fún àlùwàlá,
mo fọwọ́ ra á dé kókósẹ̀,
ọkàn mi ti dé orí ẹní ìkírun.
N kò wò ó rí.

Ọmọ yìí ló lọ gba oògùn àtọ̀gbẹ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ni Nọ́ọ̀sì Ọláìítán bá kọ́ ọ ní àyẹ̀wò kan
tí kò gba iná, tí kò gba abẹ́rẹ́,
tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó rẹ̀:
orí ìka ọwọ́ ni.
Ìka mẹ́ta lọ́tùn-ún, ìka mẹ́ta lósì.
Kí ó bà á bí eṣinṣin ṣe ń bà,
má tẹ̀ ẹ́, má họ ọ́,
ka ení, ka èjì, gbé ọwọ́ kúrò.

Ìdí ìkòkò aró ló ti dìde wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ.

"Ọ̀tún," ni mo wí. Mo gbà á.
"Òsì." Mo tún gbà á.
"Ọ̀tún." Orí mi wú bí ti ọmọ tó ṣe ipò kìn-ín-ní.

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.
Mo gbọ́ ewúrẹ́ ilé kejì.
Mo gbọ́ ọ̀kadà tó ń gbin lọ sí Ìgbọ̀nà.
Mo dúró, dúró, ó sú mi.
"Káfáyátù, ṣé o ti sùn ni? Kàn mí, jàre!"

"Bàbá, ẹ lajú."

Àmì aró mẹ́fà.
Mẹ́fà géérégé, lórí ìka mẹ́fà,
bí ojú ẹyẹ kéékèèké tó ń wò mí.
Mẹ́ta péré ni mo dáhùn.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Èmi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aláròyé!
Ara ló kọ́kọ́ dákẹ́,
èmi ni mo wá ń bá a dákẹ́ láìmọ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀,
ó mí kanlẹ̀.
Egbò kan wà níbẹ̀, roboto, kò ju àgbàdo hóró kan lọ.
Ó gbọn sálúbàtà mi.
Bọ́tìnnì kan jábọ́,
bọ́tìnnì eléérú tí mo wá láti ọjọ́ Ẹtì,
tí mo tìtorí rẹ̀ pe Lùkúmáànù, ọmọ iṣẹ́ mi, ní olè.
Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lọ́la, ó di ọsibítù, ó ti dáyàn.
Àmọ́ n óò kọ́kọ́ yà ní ilé Lùkúmáànù,
n óò dọ̀bálẹ̀, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà àlùwàlá alẹ́ mo tan tóòṣì.
Omi ń ṣàn, aró náà kò tètè lọ.
Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kí àwọn ará ilé
tí ó ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láti ọjọ́ yìí wá,
tí kò béèrè pé ṣé wọ́n jí.